Lẹ́tà Ṣíṣí sí Àwọn Aláṣẹ Ìlera ní Ìlá Ọ̀ràngún: Ẹ Dá Ọwọ́ Padà Sẹ́nu Iṣẹ́, Ẹ Dá Ọmọdé Padà Sídìí Eré

Sí Gíwá àti Ìgbìmọ̀ Aláṣẹ Yunifásítì Ìjọba Àpapọ̀ fún Ìmọ̀ Ìlera, Ìlá Ọ̀ràngún. Sí Kọmíṣọ́nà fún Ètò Ìlera, Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Àti sí àwọn Alága Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìlá àti Ìfẹ́dayọ̀.



Ẹni tó bá mọ Ìlá Ọ̀ràngún mọ̀ pé ẹmu dídá wà lára iṣẹ́ tó gbé orúkọ ìlú náà jáde. Láfẹ̀mọ́júmọ́ ni adẹ́mu ti ń fi igbà kọ́ ìbàdí, tí yóò gbé kèǹgbè, tí yóò sì dojú kọ ọ̀pẹ. Ọ̀pẹ kì í sì í dárí ji ẹni tí igbà rẹ̀ bá já. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá já bọ́, tí ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀ sì fara pa, àwọn ará ilé á sáré gbé e dé ọsibítù. Dókítà á sa ipá rẹ̀. Nọ́ọ̀sì á tọ́jú egbò. Physiotherapist á máa na iṣan rẹ̀ kó má baà gan. Tó bá yá, wọ́n á ní kó máa lọ sílé.

Ilé yẹn gan-an ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀. Àtẹ̀gùn wà lẹ́nu ọ̀nà. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wà lẹ́yìnkùlé. Ibùsùn ga ju ibi tí apá rẹ̀ lè gbé e dé. Ọkùnrin tó ti ń ti orí ọ̀pẹ bọ́ aya àti ọmọ wá di ẹni tó ń wo àjà láti àárọ̀ dalẹ́, egbò ìdùbúlẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́ ní ìdí. Ta ni yóò kọ́ ọ pé kó máa fi ọwọ́ méjèèjì ti ara rẹ̀ sókè lórí àga ní gbogbo ìdajì wákàtí, kí ẹ̀jẹ̀ lè dé ibi tó jókòó lé? Ta ni yóò sọ fún káfíńtà bí ibùsùn ṣe yẹ kó ga tó? Ta ni yóò jókòó tì í, tí yóò bi í léèrè irú iṣẹ́ tó ṣì wù ú láti fi jẹun, tí yóò sì bá a wá ọ̀nà débẹ̀?

Iṣẹ́ occupational therapist nìyẹn, òun ló sì fa lẹ́tà yìí.

Occupational therapy jẹ́ ẹ̀ka ìmọ̀ ìlera tó ń tọ́jú ènìyàn pa pọ̀ mọ́ ohun tó ń fi ọjọ́ rẹ̀ ṣe: wíwẹ̀, wíwọṣọ, jíjẹun, sísè, kíkàwé, ṣíṣòwò, lílọ sóko, lílọ sí ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí. Ní ti ọmọdé, eré ló gba iwájú nínú gbogbo rẹ̀. Physiotherapist lè ṣiṣẹ́ títí ìka tó ti le á fi máa ká. Occupational therapist á wá bèèrè bóyá ìka náà lè de bọ́tìnnì, bóyá ó lè bu òkèlè, bóyá ó lè mú ọmọ ayò nínú ihò. Àwọn méjèèjì nílò ara wọn, aláìsàn sì nílò àwọn méjèèjì.

Ìmọ̀ náà ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún. Ní oṣù kẹta ọdún 1917 ni àwọn ènìyàn díẹ̀ péjọ sí Clifton Springs, ní ìpínlẹ̀ New York ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ fún un. Ẹni tó gbà wọ́n lálejò, George Barton, jẹ́ ayàwòrán ilé tí ikọ́ ẹ̀gbẹ ti bá fínra, tí apá òsì ara rẹ̀ sì ti rọ nígbà kan. Iṣẹ́ igi àti iṣẹ́ ọgbà ni Barton fi gba ara rẹ̀ padà díẹ̀díẹ̀, ó sì ṣí ilé rẹ̀ fún àwọn aláìsàn mìíràn kí wọ́n lè wá gbìyànjú ohun kan náà.

Síbẹ̀, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni ní Ìgbómìnà Ọ̀ṣun rò pé ohun òkèèrè ni. Ní ọdún 1954, dókítà ọmọ Abẹ́òkúta kan, Thomas Adéoyè Lambo, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọsibítù àwọn alárùn ọpọlọ ní Àrò, ní Abẹ́òkúta. Lambo bá àwọn abúlé tó yí Àrò ká sọ̀rọ̀, wọ́n sì gbà kí aláìsàn àti ẹbí rẹ̀ kan wá máa gbé láàárín wọn. Ẹbí yẹn á máa se oúnjẹ, á máa fọṣọ, á sì máa mú aláìsàn lọ gba ìtọ́jú. Tí ìtọ́jú ọjọ́ náà bá ti parí, aláìsàn á bá àwọn ará abúlé lọ sóko, á bá wọn jókòó níbi tí wọ́n bá ti ń sọ̀rọ̀ ìlú, á bá wọn ṣọdún. Oògùn ń ṣe tirẹ̀, oko àti àwùjọ náà ń ṣe tiwọn. Òkìkí ètò yìí kàn dé òkè òkun, àwọn dókítà láti ilẹ̀ mìíràn wá wò ó, Lambo fúnra rẹ̀ sì di Igbákejì Olùdarí Àgbà Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, nígbà tó yá. Ohun tó fi hàn ní Àrò ni pé ẹni tí orí rẹ̀ dàrú ṣì lè mú ọkọ́ lọ́wọ́, àti pé ọkọ́ yẹn wà lára ohun tó ń dá orí rẹ̀ padà.

Ní Ìgbóbì, ní Èkó, ọsibítù eegun kan bẹ̀rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ibùdó tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn ọmọ ogun tó fara gbọgbẹ́ nínú Ogun Àgbáyé Kejì. Ọdún 1945 ni ìjọba sọ ọ́ di ọsibítù gbogbo ènìyàn. Ó ní ẹ̀ka occupational therapy tirẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni UCH ní Ìbàdàn. Ohun tí lẹ́tà yìí ń bèèrè, nígbà náà, ti wà nílẹ̀ Yorùbá. Kó dé Ìlá, kó dé Òkè-Ìlá, kó dé Ọ̀rà ló kù.

Ọ̀rọ̀ ọmọdé ló yẹ kó ṣáájú, nítorí òun ni àwọn aláṣẹ máa ń fi sí ìkẹyìn. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún ìgbìmọ̀ ìṣúná pé òun fẹ́ owó fún yàrá eré nínú ọsibítù, wọ́n lè ní kó kọ́kọ́ lọ ra bẹ́ẹ̀dì. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó wà nínú eré kan ṣoṣo tí gbogbo ilé Yorùbá mọ̀.

Ọpọ́n ayò ní ihò 12. Ọmọ ayò jẹ́ 48, mẹ́rin-mẹ́rin nínú ihò kọ̀ọ̀kan. Ọmọ tó bá ń ta ayò gbọ́dọ̀ kó gbogbo ọmọ ayò inú ihò kan sọ́wọ́ láìjẹ́ kí ọ̀kan já bọ́. Ó gbọ́dọ̀ fi àtàǹpàkò yọ wọ́n ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan kúrò nínú àtẹ́lẹwọ́, kó sì máa jù wọ́n sílẹ̀ ní ihò-ihò láìfo ọ̀kan. Ó ń kà bó ti ń jù ú. Ó ń rántí ohun tó wà ní ọ̀dọ̀ ẹnìkejì. Ó ń dúró kí ó tó kàn án. Tó bá pa, ó ń yọ̀. Tí wọ́n bá pa á, ó ń kọ́ bí èèyàn ṣe ń gba òfò láìda ọpọ́n nù. Ìka, ojú, ìṣirò, ìrántí, sùúrù àti bí èèyàn ṣe ń bá ẹgbẹ́ ṣe, gbogbo wọn ló wà lórí igi kan.

Ẹ wá fojú inú wo ọmọ ọdún méje tí ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ti le láti kékeré. Irú èyí kò ṣọ̀wọ́n lọ́dọ̀ wa: ọmọ tí kò tètè mí nígbà ìbí, ọmọ tí ibà pọ́njú mú ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tí wọn kò sì tètè gbé e wá, ọmọ tí àrùn yírùnyírùn mú. Ọpọlọ á fara pa, ara á le, ohun tí wọ́n ń pè ní cerebral palsy á bẹ̀rẹ̀. Occupational therapist, tí lẹ́tà yìí yóò máa pè ní tẹ́rápísìtì, kò ní sọ fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀ pé kó na ìka lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Á gbé ọpọ́n ayò kalẹ̀. Lákọ̀ọ́kọ́, á fi èso ńlá dípò ọmọ ayò, kí ọmọ náà lè fi gbogbo ọwọ́ gbá a mú. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, èso á kéré sí i, ìka mẹ́ta á máa ṣe é. Tó bá yá, ó di àtàǹpàkò àti ìka ìtọ́ka. Nígbà mìíràn, á fi aṣọ wé ọwọ́ tó yá fún ìgbà díẹ̀ lójúmọ́, kí ọwọ́ tó ń lọ́ra lè ní àǹfààní láti ṣiṣẹ́. Ọmọ náà kò mọ̀ pé wọ́n ń tọ́jú òun. Eré ló ń ṣe, ó sì fẹ́ borí.

Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn eré yòókù rí. Sùwè ń kọ́ ọmọ láti dúró lórí ẹsẹ̀ kan. Òkòtò ń kọ́ ìka méjì láti yí nǹkan pẹ̀lú agbára tó níwọ̀n. Bojúbojú ń kọ́ ọ láti dákẹ́, láti tẹ́tí, láti mọ̀ pé ẹni tí òun kò rí ṣì wà. Àlọ́ ń kọ́ ọ láti máa dáhùn nígbà tó bá kàn án. Ọmọ tó ní autism, tí kì í wo ojú ẹni, tí ariwo ọjà máa ń mú kó dijú, kó dí etí, lè kọ́ bí èèyàn ṣe ń fún ara ẹni láyè nínú eré kékeré tí ẹni kan ṣoṣo bá a ṣe, kí ẹnìkejì tó dara pọ̀, kí ẹ̀kẹta tó wá. Àwọn aládùúgbò ti lè sọ pé ó ní ẹgbẹ́ lọ́run. Ìyá rẹ̀ ti lè máa tì í mọ́ yàrá kí àlejò má baà rí i. Ohun tó yẹ kí ìyá yẹn rí gbà ni ẹni tó mọ̀ nípa rẹ̀, tí yóò jókòó sórí ẹní pẹ̀lú ọmọ náà, tí yóò sì kọ́ ìyá náà bí yóò ṣe máa ṣe é nílé.

Ìwé àdéhùn àgbáyé lórí ẹ̀tọ́ ọmọdé, ti ọdún 1989, sọ nínú abala 31 pé ọmọ ní ẹ̀tọ́ sí ìsinmi àti eré. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé tí Nàìjíríà ṣe ní 2003 fi èyí múlẹ̀ pẹ̀lú. Ẹ̀tọ́ náà kò yọ ọmọ tí kò lè sáré sílẹ̀.

Oúnjẹ jíjẹ náà kò gbọ́dọ̀ kọjá láìsọ. Àwọn ìyá àgbà wa mọ bí wọ́n ṣe ń rọ ọmọ lẹ́kọ: wọ́n á tẹ́ ọmọ sórí itan, wọ́n á fi àtẹ́lẹwọ́ gba ẹnu rẹ̀, ẹ̀kọ á sì máa wọlé. Fún ọmọ tí ọrùn rẹ̀ kò dúró, tí kò lè gbé nǹkan mì dáadáa, ewu ńlá ni. Ẹ̀kọ lè gba ọ̀nà èémí lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró, ọmọ á sì máa wúkọ́, á máa gbóná, wọ́n á máa tọ́jú ibà tí kì í ṣe ibà. Ohun tí tẹ́rápísìtì á kọ́ ìyá kò ju kí ó gbé ọmọ jókòó ní ìnàró, kí ó fi ọwọ́ ti orí rẹ̀, kí àgbọ̀n rẹ̀ tẹ̀ síwájú díẹ̀, kí oúnjẹ nípọn, kí ṣíbí kéré, kí ìyá sì dúró kó gbé e mì kí òmíràn tó wọlé. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni ẹ̀kọ́ yìí gbà, ó sì lè gba ọmọ là.

Tí ọmọ bá wá dé ilé ẹ̀kọ́ ńkọ́? Àga ga jù, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń rọ̀ dirodiro. Tábìlì kò bá apá rẹ̀ mu. Ó di pẹ́ńsù mú bí ó ti lè dì í mú, ìwé rẹ̀ kò ṣeé kà, olùkọ́ ní ọ̀lẹ ni. Àpótí kékeré lábẹ́ ẹsẹ̀, rọ́bà tí wọ́n wé mọ́ pẹ́ńsù, àti ìjókòó níwájú lè yí ọdún yẹn padà fún ọmọ náà. Òfin tó ń gbógun ti ìyàsọ́tọ̀ àwọn tó ní ìpèníjà ara, tí Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí ní oṣù kìíní ọdún 2019, pàṣẹ pé kí ilé ẹ̀kọ́ ìjọba kọ̀ọ̀kan ní, ó kéré tán, òṣìṣẹ́ kan tó kọ́ṣẹ́ nípa ẹ̀kọ́ àwọn tó ní ìpèníjà. Ó fún àwọn ilé ìjọba ní ọdún márùn-ún láti ṣe ọ̀nà tí kẹ̀kẹ́ àwọn aláìlèrìn lè gbà wọlé. Ọdún márùn-ún náà pé ní oṣù kìíní 2024.

Ìtọ́jú occupational therapy kò mọ sọ́dọ̀ ọmọdé; ó ń bá ènìyàn dàgbà. Ẹ wo ìyá oníṣòwò kan tí ẹ̀jẹ̀ ríru fa rọpárọsẹ̀ fún, tí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ kò dáhùn mọ́. Àwọn ọmọ rẹ̀ fẹ́ràn rẹ̀ débi pé wọn kò jẹ́ kó ṣe nǹkan kan: wọ́n ń bọ́ ọ, wọ́n ń wọṣọ fún un, wọ́n ń bá a ka owó ọjà. Ìfẹ́ ni, ṣùgbọ́n lójoojúmọ́ ni ọwọ́ tí kò ṣiṣẹ́ ń gbàgbé iṣẹ́. Tẹ́rápísìtì á wọlé, á kúnlẹ̀ kí i, á ní, "Ẹ jọ̀ọ́, Màmá, ẹ jẹ́ ká jọ wọ bùbá yẹn." Ọwọ́ tó rọ ni wọ́n máa kọ́kọ́ ti bọ apá aṣọ, èyí tó yá á tẹ̀ lé e. Tí wọ́n bá fẹ́ bọ́ ọ, ọwọ́ tó yá ló ń kọ́kọ́ jáde. Ní ọjọ́ tí ìyá náà bá dá bùbá wọ̀ fúnra rẹ̀, á bèèrè gèlè.

Lẹ́yìn ìyẹn, ó kan ilé ìdáná. Káfíńtà á kan ìṣó méjì tí kì í dípẹtà gba inú pátákó kékeré kan kọjá, kí ẹnu wọn lè yọ sókè. Ìyá á gún iṣu mọ́ ọn, á sì fi ọwọ́ kan bẹ ẹ́. Aṣọ tútù tí wọ́n tẹ́ sábẹ́ abọ́ kò ní jẹ́ kí abọ́ máa sá kiri. Rọ́bà inú táyà kẹ̀kẹ́ tí wọ́n wé mọ́ ìdí ṣíbí á mú kó nípọn tó fún ọwọ́ tí kò lágbára láti dì mú. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó wọ́n. Ẹni tó mọ̀ ọ́n ló ṣọ̀wọ́n.

Àgbàlagbà tó ń ṣubú lóru nígbà tó bá ń jáde lọ tọ̀ nílò iná kékeré lójú ọ̀nà, igi ìdìmú lára ògiri, àti kí wọ́n ká ẹní tó ń kọ́ ọ lẹ́sẹ̀ kúrò nílẹ̀. Egungun ìbàdí tó bá ṣẹ́ lọ́jọ́ ogbó máa ń sọ ẹni tó ń dá ṣe nǹkan di ẹni tí wọ́n ń gbé. Ìyá àgbà tí iyè rẹ̀ ń rà, tó ti gbàgbé orúkọ àwọn ọmọ ọmọ rẹ̀, ṣì lè máa bó ẹ̀gúsí láìṣì í ṣe. Ọwọ́ rẹ̀ ṣì mọ̀ ọ́n. Ẹ gbé àtẹ ẹ̀gúsí síwájú rẹ̀, ara rẹ̀ á balẹ̀, á sì mọ̀ pé òun ṣì wúlò nínú ilé.

Àwọn ọmọ Yorùbá tó wà ní Peckham àti káàkiri London mọ ohun tí lẹ́tà yìí ń sọ. Níbẹ̀, ìjọba ìbílẹ̀ lè rán occupational therapist wá sílé àgbàlagbà. Bí àyẹ̀wò bá fi hàn pé ó nílò igi ìdìmú tàbí àtúnṣe kékeré tí owó rẹ̀ kò ju £1,000 lọ, ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń ṣe é lábẹ́ òfin ìtọ́jú àgbàlagbà tí England ṣe ní 2014. Ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà ló sì wà lára àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ náà fún àwọn ìyá àti bàbá onílẹ̀ ibẹ̀. Ìyá tiwọn ní Ìlá kò gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni ìkẹyìn.

Bẹ́ẹ̀, Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun gan-an wà lára ibi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn occupational therapist. Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ń fúnni ní oyè dígírì nínú occupational therapy. Yunifásítì Ìmọ̀ Ìṣègùn tó wà ní Oǹdó ń kọ́ ọ. Ilé ẹ̀kọ́ ìjọba àpapọ̀ fún un wà ní Òṣòdì, ní Èkó. Òfin nọ́ńbà 38 ti ọdún 1988 ti dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀ tó ń forúkọ wọn sílẹ̀, tó sì ń ṣọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣiṣẹ́. Ìlá náà ti wá ní yunifásítì ìmọ̀ ìlera tirẹ̀. Ẹni tó ń gbé ọmọ rẹ̀ láti Ọ̀rà, tó ń gba Ìlá, tó ń gba Ìkìrun dé Òṣogbo, tó tún ń wá ọkọ̀ Ifẹ̀, kò yẹ kó máa rin ìrìn yẹn mọ́ nítorí ẹni tí yóò kọ́ ọ bí ọmọ ṣe ń jókòó.

Nítorí náà, ẹ̀yin aláṣẹ, àwọn ohun tí lẹ́tà yìí ń bèèrè nìyí.

Lọ́dọ̀ Gíwá àti Ìgbìmọ̀ Yunifásítì: kí occupational therapy ní olùkọ́ tó pé, yàrá ìkọ́ṣẹ́, àti yàrá eré ọmọdé tí ìyá èyíkéyìí lè gbé ọmọ wá sí. Kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ má parí ẹ̀kọ́ láàárín ògiri. Kí wọ́n máa jáde lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ sí Ìlá, Òkè-Ìlá àti Ọ̀rà, kí wọ́n wọ ilé, kí wọ́n wo ilé ìdáná, kí wọ́n wọn àtẹ̀gùn, kí wọ́n bi aláìsàn léèrè ohun tó ń ṣe kí àìsàn tó dé.

Lọ́dọ̀ Kọmíṣọ́nà: kí ìjọba ìpínlẹ̀ ṣí àyè iṣẹ́ fún occupational therapist ní àwọn ọsibítù ìjọba, bẹ̀rẹ̀ láti Ìlá, kí owó oṣù wọn sì jẹ́ èyí tí ọ̀dọ́ tó jáde ní Ifẹ̀ lè fi gbé ìlú kékeré láìronú àtilọ sókè òkun. Kí ètò adójútòfò ìlera Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, O'HIS, máa san owó ìtọ́jú yìí fún ẹni tó ní rọpárọsẹ̀ àti ọmọ tó ní cerebral palsy. Kí wọ́n sì kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì tó ń fún ọmọ ní abẹ́rẹ́ àjẹsára láti máa bèèrè ìbéèrè méjì péré: ṣé ọmọ yìí ti ń dá jókòó ní oṣù mẹ́sàn-án? Ṣé ó ti ń dá rìn ní oṣù méjìdínlógún? Ìyá tó bá ní rárá, kí wọ́n darí rẹ̀ sí yàrá eré lọ́jọ́ náà gan-an.

Lọ́dọ̀ àwọn Alága Ìjọba Ìbílẹ̀: kí wọ́n ṣe ọ̀nà ìgbàwọlé tí kò ní àtẹ̀gùn sí sẹkitéríàtì, ọjà àti ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé, kí pápá eré ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ sì ní ohun tí ọmọ tí kò lè rìn náà lè fi ṣeré. Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ẹ̀kọ́ṣẹ́ Olùkọ́ wà ní Ìlá. Kí àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́ níbẹ̀ àti àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ ìlera ní yunifásítì máa pàdé nínú kíláàsì kan náà, kí olùkọ́ tó jáde ní Ìlá mọ ohun tó yẹ kó ṣe nígbà tí ọmọ kò bá lè di pẹ́ńsù mú.

Àwọn kan á ní owó kò sí. Owó tó pọ̀ kọ́ ni. Ní Zimbabwe, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Bevill Packer bẹ̀rẹ̀ sí í fi páálí àtijọ́ àti àtè ìyẹ̀fun ṣe àga fún àwọn ọmọ tó ní ìpèníjà ara, àga tó le, tó sì ń gbé ọmọ. Ètò náà tàn kọjá Zimbabwe. Páálí wà ní gbogbo ọjà Ìgbómìnà, ẹ̀gẹ́ tí wọ́n ń fi ṣe àtè sì wà lóko. Ohun tó tún ju ìyẹn lọ ni pé Ìlá ní ọwọ́ tó mọ igi. Ìdílé agbẹ́gilére ní Ìlá ni Lámídì Ọlọ́nàdé Fákẹ́yẹ ti jáde, ẹni tí wọ́n bí ní 1928, tó sì kú ní 2009. Ó kọ́ni ní Yunifásítì Ifẹ̀, òun ló sì gbẹ́ ère Odùduwà tó wà ní Gbọ̀ngàn Odùduwà níbẹ̀. Ìlú tó bí irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀ lè gbẹ́ ọpọ́n ayò tí ihò rẹ̀ fẹ̀ fún ìka tó le, ṣíbí tí ìdí rẹ̀ nípọn, àga tó ń gbé ọrùn ọmọ dúró, àti tábìlì tó bá àga kẹ̀kẹ́ mu. Ẹ gbé agbẹ́gilére àti tẹ́rápísìtì sí ṣọ́ọ̀bù kan náà, kí yunifásítì máa sanwó fún agbẹ́gilére bó ti ń sanwó fún olùkọ́. Adẹ́mu tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé e mọ́, tí apá rẹ̀ ṣì lágbára, lè kọ́ iṣẹ́ igi níbẹ̀ lórí ìjókòó, kó sì padà di ẹni tó ń mú owó wọlé.

Ọjọ́ 27 oṣù kẹwàá ọdọọdún ni àwọn onímọ̀ yìí ń ṣe àjọ̀dún iṣẹ́ wọn ní gbogbo àgbáyé. Kí yunifásítì fi ọjọ́ yẹn, lọ́dún tó ń bọ̀, ṣí yàrá eré àkọ́kọ́ ní Ìlá Ọ̀ràngún. Kí wọ́n kéde rẹ̀ lórí rédíò, ní ṣọ́ọ̀ṣì, ní mọ́ṣáláṣí àti ní ọjà, oṣù kan ṣáájú, pé ìyá tó ní ọmọ tí kò tíì jókòó, tí kò tíì rìn, tí kì í sọ̀rọ̀, kí ó gbé e wá lọ́fẹ̀ẹ́. Kí Kọmíṣọ́nà wà níbẹ̀, kí àwọn Alága méjèèjì wà níbẹ̀, kí wọ́n sì kọ orúkọ ọmọ kọ̀ọ̀kan tó bá wá sílẹ̀ sínú ìwé, pẹ̀lú ọjọ́ tí tẹ́rápísìtì yóò tún rí i.